Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí tí bàbá wọn ṣòwò ní Tamale, kí ìjọba Busia tó lé àjèjì kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, yóò ti gbọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Kò sí òkè bíi Mápó Ìbàdàn tí èèyàn yóò ti kẹ̀kẹ́ gùn tí yóò máa mí hẹlẹ. Kẹ̀kẹ́ pọ̀ nílùú náà títí dòní, wọ́n tiẹ̀ ya ojú ọ̀nà kékeré sọ́tọ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníṣòwò ò jẹ́ kó ráyè. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ ń fọwọ́ wà: táyà méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, pẹ́dàlì lókè ní ọ̀kánkán àyà, ṣéènì tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá táyà iwájú. Ọwọ́ tó ń yí pẹ́dàlì náà ló ń darí rẹ̀. Ẹrù á sì tún ríbi jókòó lẹ́yìn.

Ẹ ò ní rí kẹ̀kẹ́ yìí nínú àwòrán táwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń polówó ìmọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Síbẹ̀, lójú tèmi, òun ló yẹ ká fi wọn gbogbo ìyókù wò. Bí ṣéènì rẹ̀ bá já láàárọ̀, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ọmọléèwé ṣe á fi òmíràn sí i. Bí irin rẹ̀ bá ṣẹ́, wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà á jó o pọ̀. Oòrùn ò ní tíì kanrí tí olúwa rẹ̀ á ti dé ọjà.

Ẹ wá wo kẹ̀kẹ́ arọ táwọn aláàánú ń kó wá láti òkè òkun. Wọ́n á pe oníròyìn, wọ́n á ya fọ́tò, ọlọ́lá á ti ẹnì kan síwájú díẹ̀, ó parí. Ilé ìwòsàn tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán ni wọ́n ṣe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹsẹ̀ kéékèèké méjì iwájú rẹ̀ á rì sínú iyanrìn, á há sínú ihò, bí ọ̀kan bá sì kán, ẹ wá irú rẹ̀ dé ọjà Aboabo ní Tamale, ẹ ò ní rí i. Kẹ̀kẹ́ náà á di ohun tí adìyẹ ń sùn lé lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀gbẹ́ni Ralf Hotchkiss, ará Amẹ́ríkà tí ìjàǹbá alùpùpù sọ di ẹni tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Nígbà tó dé Nicaragua ní 1980, kò kó kẹ̀kẹ́ lọ pín. Ó bá àwọn tó ń jókòó sí i níbẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n fi irin àti táyà tó wà lọ́jà wọn ṣe tiwọn. Ẹsẹ̀ rọ́bà fífẹ̀ tí kì í rì sínú iyanrìn, tó wá gbajúmọ̀ lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Zimbabwe ló ti wá.

Àjọ ìlera àgbáyé àti UNICEF sọ ní 2022 pé èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù 2.5 ló nílò ohun èlò ìrànwọ́ kan tàbí òmíràn, àti pé láwọn orílẹ̀-èdè kan tí kò rí já jẹ, bóyá lẹni 3 nínú 100 tó nílò rẹ̀ ń rí i gbà. Ohun tí mo máa ń rò ni pé, nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ti ta ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dún kejì?

Fóònù ló fi hàn pé kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú nìkan ló ń pẹ́. Ohùn tó ń ka ojú fóònù sókè fún ẹni tí kò ríran ti wà nínú Android láti 2009, èèyàn ò sanwó lọ́tọ̀ fún un. Ti kọ̀ǹpútà, NVDA, ọ̀fẹ́ ni. Ọkùnrin kan tí kò ríran ní Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, ẹnì kejì tí òun náà kò ríran sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Bí fóònù bá sì bàjẹ́ ní Tamale, orígun títì wo ni ò sí ẹni tí yóò tú u wò? Ibi tó ti ń dunni ni owó orí fóònù. Àkójọ tó ń jáde lẹ́yìn tí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà kì í pẹ́ kó tó pa dé. Ẹni tó ń fetí gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan lè má tíì débi tó fẹ́ lọ, ló bá di pé kó fún ọmọ aládùúgbò ní nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Afọ́jú kọ́ ló fa ìyẹn. Ẹni tó pinnu iye ìṣẹ́jú àáyá tí àkójọ náà yóò fi wà ní ṣíṣí ni.

Èyí tó tètè ń kú jù ni ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Bátìrì rẹ̀ kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ, òógùn àti eruku ọyẹ́ sì ń bá a jà. Abájọ tí èdè ọwọ́ fi ṣe pàtàkì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Savelugu, lẹ́bàá Tamale. Andrew Foster, adití, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ló dá ilé ẹ̀kọ́ adití àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Gánà lọ́dún 1957 kó tó wá dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Èdè tó fi kọ́ wọn kò lo bátìrì.

Ká pa dà sórí kẹ̀kẹ́. Mi ò sọ pé kí wẹ́dà máa dá nǹkan ṣe bó ṣe wù ú o. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn kì í gba ẹnu ọ̀nà báńkì wọlé. Ẹlòmíràn á fi í síta, á fi ọwọ́ wọ́ wọlé. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, bíi Yínká Ayéfẹ́lẹ́, olórin wa, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ 1997, lè má mọ̀ bí ìjókòó bá ń gún un. Egbò ìdí bẹ́ẹ̀ ń pa èèyàn. Tìmùtìmù tó tọ́ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n kì í ṣe fàájì.

Owó tí a ó fi ṣe gbogbo èyí ńkọ́? Nínú owó tí ìjọba Gánà ń pín fáwọn ìjọba ìbílẹ̀, ìdá 3 nínú 100 jẹ́ tàwọn àkàndá ẹ̀dá. Fíríìsà àti ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n sábà ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ rà. Mi ò bú fíríìsà, ẹni tó ń ta omi tútù ń fi í jẹun. Àmọ́ báwo ló ṣe máa débi tó ti ń tà á? Òfin 715 ti Gánà, ti ọdún 2006, fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún 10 kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí àkàndá ẹ̀dá lè gbà wọlé, ọdún náà ti pé ní 2016. Tiwa ní Nàìjíríà, tí Buhari fọwọ́ sí ní 2019, fún wọn lọ́dún 5. Òun náà ti pé, àtẹ̀gùn ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in.

Kí wọ́n yọ lára ìdá 3 yẹn, kí wọ́n fi gba wẹ́dà kan àti ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, kí Tamale Technical University kọ́ wọn ní wíwọ̀n àti tìmùtìmù, kí wọ́n sì máa sanwó fún wọn lórí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Aláàánú tó bá ṣì fẹ́ kó kẹ̀kẹ́ 50 wá, kó kó táyà àti bíárìn ọdún mẹ́ta dání, kí wọ́n kà á níṣojú àwọn oníròyìn kí wọ́n tó ya fọ́tò.