Ìtọ́jú Ọpọlọ: Ẹnu Ọ̀nà Ni Iṣẹ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní Ọ̀jọ́ níbí, bí ẹnìkan bá hùwà tí kò yé wa, "Yaba Left" ni a máa ń pè é. Bó bá jẹ́ ará Abẹ́òkúta ló ń sọ̀rọ̀, yóò ní kí wọ́n gbé e lọ sí Àrò. Orúkọ ilé ìwòsàn méjì la sọ di èébú yìí. Ẹ wá rò ó wò: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí oorun sùn mọ́, tí kò jẹun, tí kò yọjú sí kíláàsì, ṣé yóò sọ ohun tó ń ṣe é fún wa? Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ. A ti wò ó tó.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé kí ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn sí i. A ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ilé nìkan kọ́ ni ìtọ́jú ọpọlọ. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ló gbé e ró: ta ló ń gba aláìsàn wọlé, ibo ni wọ́n ń tọ́jú káàdì rẹ̀ sí, ṣé oògùn ṣì wà, ta ló pè é nígbà tí kò wá?

Ẹ wo ohun tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo ṣe ní Àrò ní 1954. Wọ́n ṣì ń kọ́ ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò dúró dè wọ́n. Ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé yàrá láàárín àwọn ará abúlé, kí ẹbí kan tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti máa se oúnjẹ fún un. Láàárọ̀, wọn yóò lọ gba ìtọ́jú. Bó bá yá, wọn yóò padà sílé bíi gbogbo èèyàn. Ètò ọjọ́ kan ni Lambo kọ́kọ́ tò, ayé sì wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Ẹni tó bá ń ti Okokomaiko lọ sí Yábàá yóò wọ danfó dé Mile 2, yóò tún wọ òmíràn, nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Bó bá débẹ̀ tí wọ́n ní oògùn ti tán, ṣé yóò tún padà lọ? Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣiṣẹ́ lára. Ẹni tí kò bá rí ìyàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè dá a dúró. Ìpè kan lórí fóònù lè mú un dúró sójú ọ̀nà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé fóònù.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okoko, àti èyí tó wà fún àwa akẹ́kọ̀ọ́, ya ọjọ́ kan pàtó sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀. Kí yàrá kan wà tó nílẹ̀kùn. Kí wọ́n má ṣe pariwo orúkọ àìsàn ẹni lójú èrò tó tò. Kí wọ́n ti káàdì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n ka oògùn kó tó tán. Kí wọ́n pe ẹni tí kò wá.

Àwọn kan yóò ní dókítà ti jápa tán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, kí dókítà máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa náà ní ipa tiwa: ká jáwọ́ nínú "Yaba Left," ká sì sin alájọgbé wa lọ lọ́jọ́ ìtọ́jú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹbí ṣe ń tẹ̀ lé èèyàn wọn lọ sí Àrò.