Ẹ Má Lé Mẹ́gáàdì Torí Pé Ó Ń Pẹ́ Kó Tó Tilẹ̀kùn

Alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé àdéhùn ilé kan fún oníbàárà mi. Wọ́n ti mú iná lọ, inverter ti ń ké, bátìrì laptop mi sì ti kú látọjọ́ pípẹ́. Mo tẹ "Shut down". Òbìrìpé orí kọ̀ǹpútà ń yí, ó ń yí. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, ó di mẹ́rin. Sùúrù mi tán, mo bá tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí tó fi kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fáìlì yẹn kọ̀, kò ṣí mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo jókòó tẹ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Antivirus ló fà á. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní, "Ẹ yọ ọ́ dànù jàre." Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí a bá ní kí kọ̀ǹpútà kú, Windows á ránṣẹ́ sí gbogbo ètò tó wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Bí àwọn yòókù ṣe ń tọ́jú fáìlì wọn, antivirus á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Òun náà á kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tó bá sì ń gba àfikún tuntun láti íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, á fẹ́ parí ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú ẹ̀rọ yín, ìdúró yẹn á gùn. Èyí tó burú jù ni kí antivirus méjì wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. A ra tòkunbọ̀, ẹni tó tà á ti fi ọ̀kan sí i, àwa náà tún lọ fi òmíràn kún un. Mẹ́gáàdì méjì lẹ́nu géètì kan, tí kálukú wọn ń yẹ àpò èkejì wò! Ohun tó ṣe èmi gan-an nìyẹn.

Nílé ẹjọ́, ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn ló ń mú ẹ̀rí wá. Nítorí náà, ẹ fi fóònù yín ka iye àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń kú, lẹ́ẹ̀méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dá antivirus dúró fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un kà. Tí kò bá yàtọ̀, antivirus ò jẹ̀bi. Ẹ lọ wo àwọn ètò yòókù, tàbí àfikún Windows fúnra rẹ̀. Tó bá yàtọ̀, ẹ gba ẹ̀dà tuntun antivirus náà, ẹ sún àkókò tó ń yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò sí ọ̀sán, nígbà tí iná wà. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ yọ ọ̀kan kúrò. Irinṣẹ́ ìyọkúrò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra wọn gbé jáde ni kẹ́ ẹ lò, torí yíyọ lásán máa ń fi èérún sílẹ̀. Microsoft Defender tó bá Windows wá, ọ̀fẹ́ ni: tí òmíràn bá wọlé, á yẹ̀ fún un; tí onítọ̀hún bá lọ, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi yọ ọ̀kan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà mi kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó kú.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ wọ registry lọ, kẹ́ ẹ dín WaitToKillServiceTimeout kù, kí Windows lè tètè pa gbogbo wọn. Ẹ ṣọ́ra. Iná náà lẹ ṣì ń fà yọ, ọ̀nà ẹ̀ ló yàtọ̀.

Mi ò sọ pé mẹ́gáàdì kì í ṣẹ̀ o. Ní July 19, 2024, àfikún kan ṣoṣo tó ní àléébù láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dúró, títí kan tàwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ FTC ní Amẹ́ríkà ní kí Avast san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, torí wọ́n ta àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn oníbàárà wọn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé, ó yẹ ká máa ṣọ́ òun náà.

Ṣùgbọ́n ká wá lé e lọ pátápátá ńkọ́? Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹyìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, bẹ́ẹ̀ òun náà ló ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń lò. Ẹni tó bá lé mẹ́gáàdì nílé tí wọn ò tún ògiri rẹ̀ ṣe mọ́, kò gbọdọ̀ bínú tí olè bá yà á.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kí ẹni tó bá tọ́jú ìsọfúnni àwọn èèyàn sọ́wọ́ wá ààbò tó yẹ fún un. Tí ìsọfúnni náà bá sì jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 ló ní láti fi tó àjọ náà létí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní NIN àti nọ́ńbà báńkì oníbàárà lórí laptop, "antivirus yẹn ń falẹ̀ jù" kò ní gbà yín lójú òfin. Àmọ́ òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà fún wa ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye. A sanwó, ó yẹ ká lè bi àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí pé kí lẹ ń ṣe lórí ẹ̀rọ wa nígbà tá a ní kó kú, kí wọ́n sì dá wa lóhùn ní èdè tó yé èèyàn. Ní ìlú tí iná kì í dúró, ìṣẹ́jú mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré.

Títí wọn ó fi dáhùn, ẹ má lé mẹ́gáàdì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá méjì ni wọ́n.