Bí A Bá Ti Ilé-Ìwé Pa, Ta Ni Yóò Gbèjà Ọmọ Inú Ahéré?

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà ní ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Ilé-ìwé tí ó bá ní olùtọ́jú kì í parẹ́ láìsí ariwo. Ní ọdún 1934 ni Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ará ìlú ni ó dá a, ará ìlú ni ó sì ń dúró tì í.

Ní ọdún 2012 sí 2013, ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún ètò ilé-ìwé ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. A kọ́ ilé ńláńlá tí ó dára, a kò gbọdọ̀ sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a da àwọn ilé-ìwé kan pọ̀, a sì pa orúkọ òmíràn dà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi fi ẹ̀hónú hàn ní Òṣogbo nítorí Baptist Girls' High School. Ní ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Oyètọ́lá dá orúkọ àtijọ́ padà. Ẹni tí ó ní ohùn ni a gbọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó bi ọmọ Ẹ̀bìrà léèrè, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣe alágbàṣe nínú oko kòkó Ìjẹ̀ṣà? Ta ni ó bi ọmọ Fúlàní inú gáà, tàbí ọmọ tí ó jẹ́ adití? Bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìgbìmọ̀ ìlú, kò sì sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí yóò kọ̀wé sí ìjọba nítorí rẹ̀. Bí a bá ti ilé-ìwé tí ó sún mọ́ ọn pa, ọmọ ọlọ́rọ̀ yóò wọ ọkọ̀ lọ sí òmíràn. Òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ilé ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí.

Àrùn kòrónà fi èyí hàn kedere. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni a ti gbogbo ilé-ìwé Nàìjíríà pa. Ó di ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ kí ìdánwò WAEC tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ẹ̀kọ́ di ti rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Ahéré tí kò ní iná mànàmáná kò rí nǹkan kan gbọ́.

Òfin ètò-ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ àti dandan ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ fún gbogbo ọmọ. Kò yọ ọmọ àlejò sílẹ̀. Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí ìjọba má ṣe ti ilé-ìwé kankan pa kí ó tó ka àwọn ọmọ ibẹ̀, kí ó sì sọ ní gbangba ibi tí olúkúlùkù wọn yóò lọ àti bí ọ̀nà náà ti jìn tó. Kí àwọn ọba àti baálẹ̀ wa rán ènìyàn lọ sí ahéré àti gáà láti bèèrè. Ẹni tí ń bá wa ro oko kì í ṣe ẹni tí a ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ìbáà ṣe ọmọ onílé, ìbáà ṣe ọmọ àlejò.