Àìrí Àdán, La Fi Òòbẹ̀ Ṣẹbọ

Ẹni tó bá ń ti Kútọnu lọ sí Àjàṣẹ́ kò ní pẹ́ tó fi máa gba ẹ̀gbẹ́ Agblangandan kọjá. Ilé ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí, síbẹ̀ ẹran ò kúrò láàárín èèyàn: ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọgbà onípákó, ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, adìẹ níbi gbogbo. Dókítà ẹran ló ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn, Dakar ni wọ́n ń lọ, sí EISMV, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè elédè Faransé jọ dá sílẹ̀ ní 1968. Ọmọ mélòó ni bàbá rẹ̀ lówó ìyẹn? Ọmọ tó fẹ́ràn ẹran á bá gbé fóònù, á wá ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa sọ ọ́ di olùrànlọ́wọ́ dókítà ẹran. Àwọn àgbà á máa fi í rẹ́rìn-ín: ṣé inú fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ abẹ́rẹ́ gígún ni?

Àìrí àdán, la fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n máa ń pa òwe yìí bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òòbẹ̀ kì í ṣe ohunkóhun tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀. Òun náà ń fò lóru, òun náà ń dorí kodò. Ìbátan àdán ni. Ẹni tí ò rí àdán kò mú alángbá wá. Ẹbọ náà kò sì tìtorí ẹ̀ di kékeré.

Wọ́n ti fi òòbẹ̀ ṣe irú ẹbọ yìí rí, ó sì gbà. Àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest ti pa agbo ẹran run ní Áfíríkà láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Dókítà ò lè dé ibi tí ogun wà ní gúúsù Sudan, tàbí aṣálẹ̀ àwọn Afar ní Ethiopia. Nígbà tí àjẹsára tó lè fara da ooru jáde, àwọn darandaran fúnra wọn ni wọ́n kọ́, tí wọ́n ń gún màlúù wọn, dókítà ń bójú tó wọn. Ní 2011, wọ́n kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ṣànpọ̀nná nìkan ló ṣáájú rẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Ohun tó lè kọ́ni kò kéré: àmì àrùn, ìṣirò oògùn sí ìwọ̀n ẹran, ìdí tí àjẹsára fi gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ wo àjẹsára lùkúlùkú tí wọ́n ń kán sójú adìẹ. Ẹ̀kán kan péré ni. Ẹ ó há adìẹ mọ́ abíyá, ẹ ó da orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó kán an, ẹ ó dúró kó ṣẹ́jú. Bí ẹ bá tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, á gbọnrí, oògùn á dànù, ẹ ó sì máa rò pé ó ti gbà á. Fídíò á fi gbogbo èyí hàn yín, àfi bí adìẹ ìbílẹ̀ ṣe ń jà. Ẹ̀kọ́ tí kò bá mú ọmọ dé ara ẹran, alángbá ni. Kódà ní Amẹ́ríkà, Penn Foster tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí láti ọ̀nà jíjìn máa ń ní kí àwọn tó fẹ́ di vet technician lọ fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ẹran kí wọ́n tó parí.

Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá ti mú abẹ́rẹ́ wọ ọgbà, "Dókítà" ni ìyá ẹlẹ́dẹ̀ máa pè é, orúkọ náà a sì máa dùn létí. Ibà ẹlẹ́dẹ̀, peste porcine, wọ Bẹ̀nẹ̀ ní 1997, ó pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó ń wò ó. Òòbẹ̀ tó mọ ara rẹ̀ á rí ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí etí rẹ̀ pọ́n, tí kò jẹun mọ́. Á ní kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má gbé e jáde, á pe dókítà. Èyí tó ti gbà pé àdán lòun á gún un ní oxytetracycline, á gbowó, á sì wọ bàtà kan náà lọ sọ́gbà aládùúgbò.

Torí náà, bí ọmọ yín bá ní kí ẹ sanwó ẹ̀kọ́ yìí, ẹ bi í pé dókítà wo ló máa máa tẹ̀ lé, ẹran ta ni ó sì máa fọwọ́ kàn. Àjàṣẹ́ kò jìnnà: Songhai tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1985 ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹran sísìn láàárín ẹran gan-an. Kó tètè wá ẹni tó máa mú un dání kí ọyẹ́ tó dé. Ìgbà yẹn ni lùkúlùkú máa ń jà jù, adìẹ tó bá sì ti ń ṣàìsàn, àjẹsára ò wúlò fún un mọ́.