Ẹnu Aláìsàn Kò Gbọdọ̀ Gbẹ́yìn nínú Ètò Ìtọ́jú HIV

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a dá owó ìrànlọ́wọ́ tí ó ń fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè dúró fún ọjọ́ 90. Ìdààmú bá àwọn tí ó ń lo oògùn kòkòrò HIV ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nítorí pé owó àwọn ará òkèèrè, ti Amẹ́ríkà ní pàtàkì, ni ó ti ń ru apá tí ó wúwo jù nínú ètò ìtọ́jú náà fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní oṣù kejì, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra ìdì oògùn 150,000. Àwọn Aṣòfin sì fi owó tí ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là kún ìnáwó ìlera ọdún náà. Àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Nítorí náà ìgbésẹ̀ yìí dára, ó sì yẹ kí a yin àwọn tí ó gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ tún ilé ṣe ní láti kọ́kọ́ wo ibi tí ilé náà ti ń jò. Ọ̀kan nínú ibi tí ètò yìí ti ń jò ni ẹnu aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò oògùn sílẹ̀, tí ó pinnu láti fi tọ́jú àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000. Ní ọdún 2006, ó sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ìwádìí tí a kéde ní oṣù kẹta ọdún 2019 fi hàn pé àwọn tí kòkòrò náà wà lára wọn ní ilẹ̀ wa tó mílíọ̀nù 1.9. Ohun tí a ń pè ní àrùn kògbóògùn láyé àná ti di ohun tí ènìyàn lè bá gbé títí di ọjọ́ ogbó, bí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n oògùn ni a sọ di ọ̀fẹ́; a kò sọ ìtọ́jú eyín di ọ̀fẹ́. Ó ṣeé ṣe kí a wọn aláìsàn, kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí a ka oògùn fún un, kí ó sì padà sí ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó la ẹnu.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu kì í dákẹ́. Nígbà tí agbára ara láti bá àrùn jà bá ń dínkù, ẹnu wà lára ibi tí àmì ti kọ́kọ́ ń yọ: ohun funfun bí wàrà tí ó lẹ̀ mọ́ ahọ́n àti òkè ẹnu, ilà funfun ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n tí kò ṣeé há kúrò, èrìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń jẹrà, egbò tí ó kọ̀ tí kò jiná. Oògùn HIV ti mú kí púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí dínkù. Nítorí náà gan-an ni ó fi jẹ́ pé, bí funfun náà bá padà sí ẹnu ẹni tí ó ti ń lo oògùn láti ọjọ́ pípẹ́, ìkìlọ̀ ni: ó lè jẹ́ pé kò lo oògùn náà déédéé, tàbí pé oògùn náà kò ran kòkòrò yìí mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a sábà ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn iye kòkòrò lára ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ẹnu lè sọ tirẹ̀ kí ọdún tó yípo.

Àwọn ìyọnu kan sì wà tí oògùn kò mú kúrò. Itọ́ lè gbẹ ní ẹnu aláìsàn, yálà nítorí kòkòrò náà tàbí nítorí àwọn oògùn mìíràn tí ó ń lò. Itọ́ ni ó ń ṣan eyín, òun ni ó sì ń pa oró kíkan tí ṣúgà ń dá sílẹ̀. Níbi tí itọ́ bá ti gbẹ, eyín a máa bàjẹ́ kíákíá.

Àwọn kan yóò wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: bí owó oògùn gan-an kò bá tó, kí ni a ń wá kiri nínú eyín? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìlóye, ṣùgbọ́n àfiwé náà kò bá a mu. Làpálàpá kò dí ènìyàn lọ́wọ́ láti jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn ẹnu bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun, oúnjẹ kò ní í ṣeé gbé mì, oògùn pàápàá yóò di ìyà. A kò lè fi owó iyebíye ra oògùn, kí a má sì bìkítà fún ọ̀nà tí oògùn náà ń gbà wọlé.

A ní àpẹẹrẹ nílé. Ní Sókótó, ilé ìwòsàn kan wà tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àrùn noma ti jẹ ní ojú láti ọdún 1999. Èrìgì wíwú ni àrùn yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú, tàbí tí àrùn mìíràn ti sọ ara rẹ̀ di ahẹrẹpẹ, HIV pẹ̀lú. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa tó 90 nínú 100; bí a bá tètè rí i, oògùn tí ó wọ́pọ̀, omi ìfọnu àti oúnjẹ gidi lè wò ó sàn. Nàìjíríà ni ó ṣáájú nínú ẹ̀bẹ̀ tí ó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi noma kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì, ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Orílẹ̀-èdè tí ó kọ́ ayé pé ó yẹ kí a tètè wo ẹnu ọmọdé kò yẹ kí ó gbàgbé ẹnu àwọn tí ń gba oògùn HIV.

Kì í ṣe pé kí a dúró de dókítà eyín. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé, láàárín ọdún 2014 sí 2019, dókítà eyín ní ẹkùn Áfíríkà kò ju 0.33 lọ fún ènìyàn 10,000, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹnì kan fún nǹkan bí 30,000. Nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ni ó lè ṣe é. Tọ́ọ̀ṣì kan, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ ahọ́n, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti wo ahọ́n, èrìgì àti òkè ẹnu, kí a sì kọ ohun tí a rí sínú ìwé aláìsàn. Nísinsìnyí tí a ń fún ọ̀pọ̀ ní oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, wíwá wọn ti ṣọ̀wọ́n. Kò yẹ kí ọ̀kan ṣòfò.

Ìbẹ̀rù ni ìdènà kejì. Ọ̀pọ̀ ń fi ipò ara wọn pamọ́ fún oníṣègùn eyín, nítorí kí wọ́n má baà lé wọn. Òfin ọdún 2014 kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV. Itọ́ kì í kó kòkòrò náà ranni. Irin iṣẹ́ tí a kò sè ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Bí a bá fi ooru líle pa kòkòrò lára irin lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń ṣọ́ra bákan náà fún gbogbo ènìyàn, kò sí ìdí láti lé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín kò kéré. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ife kan náà àti ṣíbí kan náà kì í kó HIV ranni. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kan bá wú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bí ẹni pé ṣègèdè ni, tàbí tí ó ń yẹra fún oúnjẹ nítorí ẹnu dídùn, ẹ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fi í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì. Kí gbogbo wa sì máa fọ eyín ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Pákò wa ṣì wúlò, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride ni ó ń dá ààbò bo eyín.

Owó tí a ń ná nísinsìnyí, owó ara wa ni. Kí àwọn aṣojú wa béèrè pé kí wíwo ẹnu wọ inú ètò HIV ní ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, kí a sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún oògùn ẹnu àti fún eyín tí ó yẹ kí a dí. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Orílẹ̀-èdè tí ó ń bọ́ ara rẹ̀ kò ní ẹni tí ojú yóò tì í sí, ó lè wo ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ láìbẹ̀rù, kí ó sì tún ohun tí ó bá bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe.