Ta Ló Ka Èkó?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ta ló ka Èkó tí ẹ fi ń sọ pé èèyàn ibẹ̀ lé ní ogún mílíọ̀nù? Ní 2006, àjọ elétò ìkànìyàn ka 9,113,605 ní Ìpínlẹ̀ Èkó; ìjọba Èkó ka tiwọn, wọ́n ní 17,552,942. Ọdún kan náà o! Láti ìgbà náà, wọn ò tíì tún wa kà ní Nàìjíríà. Àbá lásán ni ẹ ń gbé kiri.

Wọ́n ń fi iye èèyàn pín owó ìjọba àpapọ̀, ta ló máa fẹ́ kí tirẹ̀ kéré? Ọwọ́ àwa ọmọ Ìwàrà náà ò mọ́: ẹni tó ń gbé Agége, tó ń gba títì Agége lójoojúmọ́, á tún fẹ́ sáré wálé kí wọ́n kà á mọ́ Ìjẹ̀ṣà. Lọ́jọ́ ìkànìyàn, ẹ jókòó síbi tí ẹ ń sùn.