Babátúndé àti Ọkàn tí Kì í Kú

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí mo lọ ní Agbamu, nílẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn àgbà sọ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá bàbá rẹ̀ ní Babátúndé. Oníwàásù tí wọ́n pè wá gbàdúrà kọ̀. Ó ní ọkàn òkú kì í padà wá sáyé, pé irọ́ ni orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ojú ti olúkúlùkù.

Ti àwọn àgbà ni mo ṣe. Ẹ tú orúkọ náà wò: baba, tún, dé. Kò sí ọkàn nínú rẹ̀. Baba ni wọ́n ní ó dé, ẹni tí àyè rẹ̀ ṣófo nínú ilé.

Àwọn ará Róòmù ìgbàanì ni wọ́n bá ọkàn fúnra rẹ̀ fà á. Lucretius ya *anima*, èyí tí ń mú ara wà láàyè, sọ́tọ̀ kúrò lára *animus*, èyí tí ń ronú (ẹ rántí ẹ̀mí àti ọkàn tiwa). Ó ní méjèèjì ń bá ara kú. Ọ̀rọ̀ Cicero yàtọ̀ díẹ̀. Tullia ọmọbìnrin rẹ̀ kú ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Kristi. Lọ́dún náà gan-an ló kọ *Tusculanae Disputationes*. Ó ní bí ọkàn bá wà lẹ́yìn ikú, ayọ̀ ni. Bí kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò jìyà. Lójú tèmi, baba tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ń tu ara rẹ̀ nínú níbẹ̀.

Ìbéèrè tiwa kọ́ nìyẹn. Ilé tó sọ ọmọ ní Babátúndé, ilé náà ni yóò kí baba kan náà gẹ́gẹ́ bí ará ọ̀run nígbà tí egúngún bá jáde. Ó wà lọ́hùn-ún, ó sì dé síbí. Kò ta kora létí wọn. Bọ́lájí Ìdòwú kíyè sí i nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní ọdún 1962, òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì ni òun náà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Mi ò ní kí oníwàásù wa má wàásù o. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí orúkọ sọ ni.

Nígbẹ̀yìn, orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí. Opó olóògbé, ìyá àgbà, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. “Ọkọ mi” ló ń pe ọmọ náà. Ṣé irọ́ ni ìyẹn náà?